Mélòó Ló Ń Gba Inú Wáyà Yìí?

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Mo sọ fún wọn pé ogún ìṣẹ́jú ò tó mi ṣàlàyé áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Nígbà tí mo délé, mo mú bíró, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa wo aago lójú mi.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ṣe, èmi Fọlákẹ́, obìnrin, ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bí mo bá gun àkàbà, gbogbo àdúgbò á jáde wá wòran. Nígbà tí mo fi máa parí, wọn kì í gbé ojú sókè mọ́.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá, ìyá mi sì ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo jókòó sílé, mò ń bá ìyá mi rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Ní ọjọ́ kan, áyọ́ọ̀nù wọn kọ̀, kò gbóná mọ́. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣówándé lójú títì.

Ọ̀gá Ṣówándé ti ṣiṣẹ́ iná nínú ọkọ̀ ojú omi rí kí wọ́n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ẹ̀wù wọn kì í jáde nínú ṣòkòtò, pẹ́ńsù kan sì máa ń wà létí wọn nígbà gbogbo. Wọ́n tú áyọ́ọ̀nù náà, wọ́n rí i pé wáyà rẹ̀ ló já nínú, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́ pé kí n gbà á, wọ́n ní, "Dúró. Mi ò tíì rí ẹ̀rí pé ó ti dáa." Wọ́n so mítà kan mọ́ ọn, wọ́n tan iná, wọ́n wo abẹ́rẹ́ mítà náà, wọ́n sì kọ nǹkan sórí tábìlì.

"Ṣé o mọ ìṣirò pínpín?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Iná tó wà lára ògiri yìí, igba ó lé ọgbọ̀n fóòtì ni. Fóòtì ni ipá tó ń ti iná. Mítà yìí ní áńpù mẹ́rin ló ń ṣàn gba inú áyọ́ọ̀nù yín kọjá. Fi mẹ́rin pín igba ó lé ọgbọ̀n fún mi."

Mo ronú díẹ̀. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀."

"Óòmù nìyẹn. Òun ni bí áyọ́ọ̀nù yìí ṣe ń dènà iná tó. Wàyí o, má pín in mọ́, fi méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀."

"Ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rin."

"Wáàtì nìyẹn. Ooru tó ń jáde nìyẹn." Wọ́n yí ìdí áyọ́ọ̀nù náà sí mi. Àwọn tó ṣe é ti kọ nọ́ńbà kan sára irin kékeré tó wà níbẹ̀: 920. Láti ibi ìṣirò méjì péré, a ti mọ ohun tí àwọn òyìnbó kọ sábẹ́ rẹ̀, a ò sì tíì wò ó.

Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ. Ní ọjọ́ kẹta bákan náà. Ọ̀gá ní, "Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́, sà. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kọ́."

Bàbá mi fárígá, ìyá mi bá wọn sọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbà. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Èmi nìkan kọ́ ló ń kọ́ṣẹ́. Tarí wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjọ̀ tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ bíi tèmi, ẹgbẹ́ mi ni. Ó ń sọ Yorùbá, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti le, Píjìn ló máa ń bọ́ sí. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tẹ́sítà, irin tí a fi ń mọ̀ pé iná wà lára wáyà. Ìwé àti pẹ́ńsù ni irinṣẹ́ mi. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, ìbáà ṣe sítóòfù, ìbáà ṣe fáànù, mo gbọ́dọ̀ ka fóòtì rẹ̀ lójú mítà tí Ọ̀gá bá so mọ́ ọn, kí n ka áńpù rẹ̀, kí n pín, kí n sọ ọ́ di púpọ̀, kí n fi ohun tí mo rí wé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Tí kò bá dọ́gba, nǹkan kan ń ṣe é, tàbí kẹ̀, nǹkan kan ń ṣe èmi.

Nígbà tí ó ṣì ń dà rú mọ́ mi lójú, Ọ̀gá mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ omi ìkóríta, níbi tí àwọn obìnrin to korobá sí. Rọ́bà gígùn kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ipá tó ń ti omi yìí wá láti òkè lọ́hùn-ún, fóòtì nìyẹn. Omi tó ń dà sínú korobá, áńpù nìyẹn." Wọ́n wá fi bàtà tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀. Omi dín kù, ó di tín-ín-rín. "Ẹsẹ̀ mi yìí ni óòmù."

Obìnrin tí korobá rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ pariwo pé, "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí omi mi!" Ọ̀gá tọrọ àforíjì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn láéláé.

Ṣùgbọ́n wọ́n le. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ọ̀rọ̀ náà ni "bóyá". Wọ́n rán mi sí ilé ìkẹ́rù kan ní Creek Road kí n lọ ka iye áńpù tí fáànù ńlá kan ń gbà. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀, oòrùn mú mi dáadáa.

"Mélòó?"

"Bóyá áńpù márùn-ún, sà."

Wọ́n tún gbé mítà náà lé mi lọ́wọ́. Mo yí padà, mo tún rìn lọ sí Creek Road. Áńpù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni, kò tilẹ̀ pé márùn-ún. Nígbà tí mo padà dé, oúnjẹ mi wà lórí tábìlì, wọ́n fi àwo dé e. Tiwọn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìyàwó wọn ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ọ̀gá kì í jẹun tí ọ̀kan nínú wa bá ṣì wà lójú ọ̀nà.

Mo lo ọdún méjì pẹ̀lú wọn kí aburú náà tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ti mọ́ mi lọ́wọ́, mò ń ṣe ìṣirò lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti ń fi ṣe fọ́ńté sí Tarí tó ṣì ń fi ìka kà.

Ilé ìfọṣọ kan wà ní Àpápá tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn atukọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pé fíúùsì àwọn ń jó ṣáá. Ọ̀gá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjọrà, ni èmi àti Tarí bá lọ. Ìyá tó ni ibẹ̀ ń làágùn. Ọkọ̀ òkun kan fẹ́ ṣí ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì wà ní òkìtì gègèrè nílẹ̀. Ó ti ra áyọ́ọ̀nù márùn-ún kún mẹ́ta tó ní tẹ́lẹ̀, ó wá so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ wáyà kan ṣoṣo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣe é kíá. Tí ọkọ̀ yẹn bá lọ láìkó aṣọ rẹ̀, orúkọ mi bàjẹ́ ní wáàfù nìyẹn."

Tarí mú ìwé jáde. Ó ní, "Fọlákẹ́, make we calculate am first."

Mo ní, "Kí la fẹ́ ṣírò? Fíúùsì ló kéré. Mo mọ̀ ọ́n lórí."

Irọ́ ni mo pa. N kò ṣírò kankan, ìbáà ṣe lórí. Mo fẹ́ kí ìyá yẹn wò mí bí ẹni tó mọṣẹ́. Mo mú fọ́nrán wáyà bàbà, mo lọ́ ọ po, mo fi sí ipò fíúùsì. Iná tàn. Áyọ́ọ̀nù gbóná. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá kékeré. Tarí ká ìwé rẹ̀, a padà sí ṣọ́ọ̀bù.

A ò tíì jókòó dáadáa nígbà tí ẹnì kan sáré dé pé ilé ìfọṣọ ń jó.

Nígbà tí a fi máa dé ibẹ̀, èéfín ti gba ojú fèrèsé jáde. Wáyà tó wà nínú àjà ló gbóná títí igi àjà fi gbiná. Àwọn panápaná pa á, ṣùgbọ́n ìdajì òrùlé ti lọ. Ìyá Bọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lọṣọ, ti sáré padà wọlé láti gbé aṣọ jáde, iná sì jó wọn ní apá ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo rí Ìyá Bọ̀sẹ̀ lórí pákó níta, wọ́n ń mi apá náà sókè sódò bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi.

Ọ̀gá dé láti Ìjọrà. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n mú mi wọ inú ilé náà, wọ́n mú èédú kan nílẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì nawọ́ sí ògiri.

"Áyọ́ọ̀nù mélòó?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Kọ ọ́. Áńpù mélòó ni ọ̀kan ń gbà?"

"Mẹ́rin."

"Mélòó ló wá ń gba inú wáyà yìí?"

Mo kọ ọ́. Áńpù méjìlélọ́gbọ̀n. Áńpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe wáyà náà fún. Ìlọ́po méjì àti díẹ̀ lé. Fíúùsì tó ń jó yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, pé kó já kí wáyà tó gbóná jù. Ó ń kígbe fún wa, èmi ni mo di í lẹ́nu.

Ọ̀gá jáde, wọ́n lọ bá ìyá tó ni ilé ìfọṣọ. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ pé, "Ṣọ́ọ̀bù mi ló ṣe é, ìyá. Èmi ni kí ẹ mú." Wọn ò dárúkọ mi rárá. Èmi fúnra mi ni mo rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní, "Èmi ni, mà. Ọ̀gá ò sí nílé. Tarí ní kí a ṣírò, èmi ni mo kọ̀."

Láti ọjọ́ kejì, mò ń lọ kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ògiri ni wọ́n kọjú sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ní, "Ṣé o mọ irun dì? Mi ò lè gbé apá sókè." Mo dì í, kò dáa rárá. Wọ́n wo dígí, wọ́n ní, "Iná ni iṣẹ́ ẹ lóòótọ́ o. Irun kọ́." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún. Apá wọn san, àmọ́ ara rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà mọ́. Títí wọ́n fi kó lọ sí Ìkòròdú, èmi ni mò ń bá wọn di irun ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo sì mọ̀ ọ́n dì nígbẹ̀yìn.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tí o bá tún wáyà ilé yẹn ṣe tán, o lè máa lọ." Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pín áyọ́ọ̀nù mẹ́jọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní wáyà àti fíúùsì tirẹ̀, kò sí èyí tó ń gbà ju áńpù méjìlá lọ. Àwọn iléeṣẹ́ iná fa wáyà tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá láti orí òpó. Mo kọ gbogbo ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀, Tarí tún un ṣe lẹ́yìn mi, Ọ̀gá tún un ṣe lẹ́yìn Tarí. Nígbà tí a parí, n kò rántí pé mo ti ní màá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tí a ń pè ní Màmá Ẹ̀bùn ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré nítòsí wa. Obìnrin kan bí ìbejì lọ́dọ̀ wọn, oṣù wọn ò tíì pé, wọ́n kéré bí ológbò. Kò sí àyè ní ọsibítù ńlá. Káfíńtà ti bá Màmá Ẹ̀bùn kan àpótí kan, wọ́n fi gílóòbù ọlọ́gọ́rùn-ún wáàtì méjì sínú rẹ̀ kó lè máa móoru. Ó gbóná jù fún àwọn ọmọ náà, iná sì ń kọ mọ̀nà sí wọn lójú. Bí wọ́n bá sì yọ gílóòbù kan, ẹ̀gbẹ́ kan àpótí á tutù.

Màmá Ẹ̀bùn wá bá wa ní òwúrọ̀. "Ọ̀gá Ṣówándé, ìyá wọn ló gbé wọn sáyà báyìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ọ̀gá tọ́ka sí mi. "Ẹ sọ fún un."

Mo ronú. Ooru bíi ọgọ́rùn-ún wáàtì àti díẹ̀ ni mo fẹ́, kó tàn kálẹ̀ lábẹ́ àpótí, láìsí ìmọ́lẹ̀. Ìdajì áńpù lọ́nà igba ó lé ọgbọ̀n fóòtì, 115 wáàtì nìyẹn. Kí ìdajì áńpù péré tó lè máa kọjá, mo nílò 460 óòmù. Níbo ni mo ti máa rí i? Mo wo ìdí ògiri, níbi tí a ń ju òkú áyọ́ọ̀nù sí; irin ìgbóná inú púpọ̀ nínú wọn ṣì dáa. Áyọ́ọ̀nù kan, óòmù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àti ààbọ̀, bíi ti ìyá mi. Tí mo bá to mẹ́jọ tẹ̀léra, kí iná máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì, ìdènà gbogbo wọn á pa pọ̀. Mo ṣírò rẹ̀. 460 géérégé.

Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, torí nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn dẹ́rù bà mí. Àmọ́ ní ilé ìfọṣọ, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, kálukú ń fa iná tirẹ̀. Níbí, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n tò sí, ọ̀kan ń dí ọ̀nà fún èkejì.

Èmi àti Tarí tú irin ìgbóná wọn jáde, a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tò wọ́n sórí táìsì, a gbé pákó tó ní ihò lé wọn lórí. Màmá Ẹ̀bùn fi mítà tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná sínú àpótí. A wò ó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò lọ sókè jù, kò sọ̀ kalẹ̀ jù. Ọ̀gá wá.

"Mélòó ló ń gba inú wáyà yìí?"

"Ìdajì áńpù, sà."

Wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n ki apá sínú àpótí, wọ́n sì jókòó tì í fún wákàtí kan, wọ́n ń bá ìyá ìbejì sọ̀rọ̀ nípa ìlú rẹ̀. Wọ́n wá yọ apá wọn jáde, wọ́n ní, "Ẹ gbé àwọn ọmọ wọlé." Nígbà tí iná bá lọ, omi gbígbóná nínú ìgò ni Màmá Ẹ̀bùn ń lò. Àwọn ìbejì náà yè. Mo gbé ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọlé. Ó tọ̀ sí mi lára.

Ní ọdún yẹn ni Ọ̀gá dá mi sílẹ̀, tí wọ́n gbàdúrà fún mi. Mo fẹ́ Tarí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà tí a ti fẹ́ra, ẹ̀ẹ̀kan péré ló rán mi létí ohun tó sọ ní ilé ìfọṣọ, inú ń bí i gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì tọrọ àforíjì.

Iṣẹ́ pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Tin Can. Irinṣẹ́ náà yí padà. Látijọ́, kí o tó ka áńpù, o gbọ́dọ̀ pa iná, kí o gé wáyà, kí o so mítà sáàárín. Mítà kan wá dé tó ń la ẹnu bí akàn, tó ń gbá wáyà mú lóde, tó sì ń sọ iye tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ han Ọ̀gá. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Kò fọwọ́ kan iná, ó wá mọ iye tó jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òfófó nìyí." Wọ́n gé wáyà kan, wọ́n so mítà àtijọ́ wọn mọ́ ọn, wọ́n fi ẹ̀rí ọ̀kan wé èkejì. Ó dọ́gba. Wọ́n ní kí n fi tuntun náà sílẹ̀ fún àwọn di ọjọ́ Sátidé. Oṣù méjì kọjá kí n tó rí i gbà.

Ọ̀gá ti sinmi báyìí. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́ta rèé. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí: obìnrin kan tó ń ta omi dídì ní Ajégúnlẹ̀ ra fíríìsà tuntun, ó fẹ́ kí n so ó mọ́ àwọn tó ti ní. Mo ka áńpù wọn, mo kọ wọ́n sílẹ̀, mo rò wọ́n pọ̀. Mọ́kàndínlógún. Mo tún un rò. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo nu dígí ojú mi, mo rò ó lẹ́ẹ̀kẹta, méjìlélógún.

"Màmá, ṣé kò tíì tán ni?"

"Mi ò ní lè ṣe é, ọmọ mi."

"Há! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi? Ẹ ṣáà fi wáyà tó nípọn sí i, ó parí."

"Rárá o."

Mo ránṣẹ́ pe oníná mìíràn, mo sì jókòó lórí àga obìnrin náà títí ẹni náà fi dé, kó má bàa fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Inú rẹ̀ ò dùn sí mi. Ẹni tó dé náà mú ìwé jáde, ó ṣírò, ó ní méjìlélógún ni. Ìgbà kẹta mi ló tọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí mo ní mẹ́ta lọ́wọ́, n kò mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú wọn.

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo rọra rìn délé. Tarí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ rédíò. Mo sọ fún un pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí.

Ó yí rédíò náà sílẹ̀, ó sì dìde.

"You don chop?"

Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó ní òun náà ò tíì jẹ, òun ń dúró dè mí ni.